Tíṣà Ọ̀bọ Ka Ohun Tí Kò Kọ

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wálẹ̀ látorí igi, kò bọ́ sórí ẹlòmíràn, àfi sórí Tíṣà Ọ̀bọ. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má sùn lọ o, ọ̀rọ̀ yìí kan tíṣà, ó sì kan òbí.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní ilé-ìwé kan létí odò. Erin ni ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ọ̀bọ àti Ìgbín wà lára àwọn tíṣà ibẹ̀. Ọwọ́ Ọ̀bọ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Ọmọ tí kò bá tètè mọ ìṣirò, pàṣán ni yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Ìgbín ní tirẹ̀ kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Àyà ló ń fi wọ́ lọ sí kíláàsì, àwọn ọmọ á sì ti jókòó tipẹ́ kó tó dé.

Nígbà tó yá, Erin ní òun ti darúgbó, òun fẹ́ lọ sinmi. Ó ní ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Lékeléke ń kọ́ àwọn tíṣà láti òkè òkun. Wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń fi fóònù ya àwòrán tó ń ṣàlàyé iṣẹ́, bí a ṣe ń ṣe ìbéèrè tó ń máàkì ara rẹ̀, àti bí ọmọ tó ń ṣàìsàn nílé ṣe lè gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì. Ní ìparí, kí kálukú kọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà ṣe fún un. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò jókòó sórí àga Erin.

Ọ̀bọ gbọ́ ọ̀rọ̀ àga, kò gbọ́ ìyókù mọ́.

Bí Lékeléke bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Ọ̀bọ á gbé fóònù rẹ̀ há sáàárín ẹ̀ka igi, á jẹ́ kó máa dá sọ̀rọ̀, á sì lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fóònù á kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọ̀bọ wá sí kíláàsì. Kí ni fóònù mọ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni Ọ̀bọ kọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan, ó gba ọ̀dọ̀ Ìgbín lọ. Ó kí i, ó kí ilé, ó kí ìkarahun.

Ó ní, “Ìgbín ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n wo tìrẹ fìrí, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣe tèmi dáadáa.”

Ìgbín kò fura, ó fi í ránṣẹ́ sí i. Ọ̀bọ pa orúkọ Ìgbín rẹ́, ó fi tirẹ̀ sí i, ó sì taari rẹ̀ sí Lékeléke kíákíá. Kò ka ìlà kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé kí Ìgbín tó fi ahọ́n tẹ fóònù, kó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Lékeléke, ilẹ̀ á ti ṣú. Kì í ṣe pé ó jí ọbẹ̀ nìkan, ó tún fẹ́ kí wọ́n mú ẹni tó sè é.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Lékeléke ránṣẹ́ sí Erin pé iṣẹ́ àwọn méjì bára mu délẹ̀, ẹnì kan ti jí ti ẹnì kejì, ti Ìgbín ló sì dé kẹ́yìn. Erin ní tó bá jẹ́ Ìgbín ló jalè, kò ní kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Ó pe òbí, ó pe ọmọ, ó ní kí àwọn méjèèjì wá kà á ní gbangba. Ìgbín fa ìwo wọlé. Ọ̀bọ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kà. Ó gbé ohùn sókè:

“Ẹ̀kọ́ yìí nira fún mi, nítorí mi ò lọ́wọ́.”

Àwọn ọmọ wo ọwọ́ rẹ̀. Fóònù wà ní ọ̀kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà ní èkejì.

Ọ̀bọ fẹ́ dúró. Erin ní kó máa kà á lọ.

“Ahọ́n ni mo fi ń tẹ fóònù. Itọ́ mi bo ojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan. Ẹgbẹ́ mi ti lọ, èmi nìkan ni mo kù sẹ́yìn. Mo sunkún. Ìgbà náà ni mo mọ bó ṣe ń rí fún ọmọ tí kò tètè mọ̀wé. Mo wá ṣe ìbéèrè kan sórí fóònù, tó ń dúró de ọmọ títí yóò fi rí ìdáhùn. Mi ò lè na ọmọ kankan láé torí pé ó lọ́ra.”

Ẹ̀rín ti ń pa àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ nínà, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Ọmọ Àgùntàn tí Ọ̀bọ nà lánàá wà níwájú, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ọmọ Ọ̀bọ fúnra rẹ̀, Àwẹ̀ró, jókòó tì í. Òun kò rẹ́rìn-ín látìbẹ̀rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ń fi èékánná ha ilẹ̀.

Erin ní, “Tíṣà, ìbéèrè tí ẹ ṣe sórí fóònù yẹn, ẹ fi hàn wá.”

Ọ̀bọ tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Kò rí nǹkan kan fi hàn. Òógùn bò ó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Ìgbín ló ni ín. Mo jí i ni.”

Kò sẹ́ni tó nà án. Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n nà án. Wọ́n gbé Ìgbín sórí àga, torí kò lè dá gùn ún, àwọn ọmọ sì ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀bọ rọra lọ bá ọmọ rẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ sílé.

Àwẹ̀ró kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ máa lọ níwájú. Mò ń bọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá wo Ọ̀bọ lójú, á wò yín fìrí, á sì yára wo ibòmíràn. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ìtìjú ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kó kọ́kọ́ jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìyà olè a máa tán lára, ṣùgbọ́n ojú tó tì ọ́ níwájú ọmọ rẹ, ó pẹ́ kó tó là. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ, kí n jí lọ́la kí n má lè súfèé mọ́.