Bí Jens Ṣe Di Ọmọ Halvar

Nígbà láéláé, kí orúkọ tó di méjì lára èèyàn, ìlú apẹja kan wà ní ilẹ̀ òtútù níhà àríwá. Orúkọ kan péré ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ àwọn wọ̀nyí wò ó jù! Orúkọ bàbá àgbà nìkan ni wọ́n ń sọ àkọ́bí. Bí o bá pe Jens lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin mẹ́rin á jẹ́ ọ.

Bàbá kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ti ń pẹja lójú òkun. Kì í fi han ẹnikẹ́ni àfi ọmọ rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Jens mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sókun, kálukú gbé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ síbi tí bàbá rẹ̀ ti ń pẹja. Ni kùrukùru bá bolẹ̀. Tora, ìyá ọ̀kan nínú wọn, kò lè jókòó. Ó lọ sétí omi, ó padà sílé, ó tún lọ.

Àfi bí ẹyẹ òkun ṣe bà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ọkọ̀ Jens ti fọ́ o! Orí àpáta ló wà, omi sì ń kún bọ̀!"

Tora bi í pé, "Jens wo?"

"Jens ló ní òun ń jẹ́. Mi ò bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àwọn bàbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré dé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù, wọ́n sì ń já a gbà.

"Ibi tèmi ni ká lọ!"

"Irọ́ ni, ibi tèmi ni!"

Halvar, ọkọ Tora, ní kí ẹyẹ ṣíwájú wọn.

"Nínú kùrukùru yìí?" ni ẹyẹ wí. "Ta ló máa rí mi?"

Tora figbe ta. "Ẹ̀ ń jà, omi ń kún! Ẹyẹ, jọ̀ọ́, padà lọ bi í, ọmọ ta ni?"

Ẹyẹ fò lọ. Tora ń lọ, ó ń bọ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi la ọ̀nà sínú yanrìn. Ẹyẹ dé, ó ń mí hẹlẹ.

"Ọmọ Halvar ni! Omi ti dé àyà rẹ̀!"

Halvar kò dúró gbọ́ èkejì, ó fò sínú ọkọ̀, ó wà á lọ síbi tó ti ń pẹja. Kùrukùru ò jẹ́ kí ojú rẹ̀ ríran, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Àgbọ̀n ọmọ ni omi wà nígbà tó fi irun orí fà á yọ.

Tora dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ọmọ yìí ní Jens lásán mọ́. Ẹ fi ọmọ Halvar kún un!" Jens mẹ́ta yòókù náà gúnlẹ̀, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú tí àwọn ìyá wọn fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiwọn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilẹ̀ òtútù ti ń so orúkọ bàbá mọ́ tọmọ. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan ní Halvarsen, ọmọ Halvar ni wọ́n ń wí, wọ́n sì ti dárúkọ bàbá tó mọ ibi tí wọ́n á ti wá ọmọ rẹ̀ rí. Ẹyẹ òkun náà ò sì tíì sinmi. Bí ọkọ̀ kan bá ti yọ lójú omi, á máa fò yí i ká, á máa ké tòò, á máa béèrè pé, "Ọmọ ta ni? Ọmọ ta ni?"