Àtàǹpàkò Tó Wà Lójú Bàbà

Kí n tó dá sí ẹjọ́ tí o gbé wá, gbọ́ ìtàn kan ná. Ọkùnrin kan wà tí òun àti oníbàárà rẹ̀ ń jà níwájú ṣọ́ọ̀bù nítorí páńẹ̀lì kan, ìyẹn pátákó tí ọ̀nà iná àtùpà wà lójú rẹ̀, tó ṣe fún un. Oníbàárà náà, obìnrin kan tó ń to àtùpà oníbátìrì tà, ti san àsansílẹ̀. Àtùpà tó to sórí páńẹ̀lì yẹn kọ̀, kò tàn. Ó ní kí ọkùnrin náà dá owó òun padà. Ọkùnrin náà ní owó tó kù ni kó mú wá.

"Injiníà, àtùpà tí kò tàn, ṣé kí n máa fi ṣe ìrọ̀rí ni?"

"Màmá, iṣẹ́ mi ò lábùkù. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ rèé. Ó ra pìríńtà àlòkù, ó tú u, ó la ẹnu rẹ̀ tóbi kó lè máa gbé pátákó mì dípò ìwé. Bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo ojú pátákó náà. Pìríńtà á fi íǹkì ya ọ̀nà tí iná máa gbà sórí bàbà, ọkùnrin náà á yan án kí íǹkì lè dì, á wá rì í sínú ásíìdì. Bàbà tí íǹkì bò á yè. Èyí tó wà níhòòhò, ásíìdì á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó ki pátákó bọ pìríńtà, ó gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́, lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ojú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rá ara kì í jẹ́ kí íǹkì di bàbà mú, ojú kì í sì í rí ọ̀rá náà. Inú ásíìdì ló ti ń hàn.

Ọkùnrin náà na páńẹ̀lì síta. Ọ̀nà iná ti já láàárín rẹ̀, ibi tó já sì rí roboto bí orí ìka.

"Àtàǹpàkò nìyí. Lọ́jọ́ tí ẹ wá wòran, ta ló ń tẹ nǹkan wò bí ẹni tó ń ra píà?"

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ́rìn-ín. Ara tù ú díẹ̀. Ó mọ̀ pé tí òun bá dá owó yẹn padà lójú wọn, ọ̀rọ̀ á dé etí gbogbo àwọn tó ń to àtùpà, kò sì ní sẹ́ni tó máa gbéṣẹ́ wá mọ́.

"Gbé e wá," obìnrin náà wí. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé ojú ibẹ̀. Ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àyè ṣẹ́kù lọ́tùn-ún lósì. "Tèmi ò kún un. Ó kàn ẹ́, Injiníà."

Àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó ṣe páńẹ̀lì náà. Ọkùnrin yìí fi tirẹ̀ lé e. Ó bá a mu gẹ́lẹ́.

Ìgbà yẹn ló rántí. Bó ṣe fọ pátákó náà tán, ó gbé e sókè, ó gbá a mú láàárín, ó ní, "Màmá, ẹ wo bàbà tó ń dán bíi dígí!" Ibi tó ti ń yangàn ló ti bà á jẹ́.

Ẹ̀rín tún sọ, kò sì dá a dúró. Ó kọwọ́ bọ àpò, ó kó owó fún obìnrin náà.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, mi ò ní o ò jàre nínú ẹjọ́ tí o gbé wá. Ṣùgbọ́n kí o tó mú ìka ẹlòmíràn wọn ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, kọ́kọ́ fi tìrẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá sì bá tìrẹ mu, má wulẹ̀ dúnàádúrà mọ́. San án.