Ọ̀bẹ Àpò Olúọ́dẹ

Kò sí ẹni tí ó mọ irin rọ bí Ògúnrìndé ní gbogbo Ìsàlẹ̀-Àpáta, síbẹ̀ oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ta ọ̀bẹ. Àkànjí ló fà á, agbẹ́gi tí ń gbẹ́ èèkù sí àwọn ọ̀bẹ náà. Bí oníbàárà bá ti gba ọ̀bẹ, èèkù ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ pa. "Áà! Ta ló gbẹ́ èyí?" Ọ̀rọ̀ yìí a máa gún Ògúnrìndé lọ́kàn bí ẹ̀gún. Òun tí iná ń jó lójú, òun tí ewìrì ń fọ́n eérú sí nímú, ẹnìkan kò bèèrè rẹ̀!

Lọ́jọ́ kan, Olúọ́dẹ wá sí àgbẹ̀dẹ.

"Ògúnrìndé, àdá wúwo jù fún mi nínú igbó, ọ̀bẹ kékeré kò sì lè gé igi. Rọ èyí tí yóò wọ inú àpò mi pátápátá, tí yóò sì ṣiṣẹ́ bí àdá. Bí ó bá tẹ́ mi lọ́rùn, ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo ọdẹ yóò ti máa ra irin."

Àkànjí, tí ó ń ha igi nítòsí, rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí yóò gé igi ń fẹ́ èèkù gígùn. Èèkù gígùn kò sì ní wọ àpò. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀."

"Ìwọ lo fẹ́ kó gùn, kí wọ́n lè máa rí iṣẹ́ rẹ láti òkèèrè!" ni Ògúnrìndé fi dá a lóhùn. "N kò nílò rẹ lórí èyí."

"Ta ni yóò wá gbẹ́ èèkù rẹ̀?"

"Ọ̀bẹ náà fúnra rẹ̀!"

Ìbínú ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè kó o jẹ mọ́. Ó rọ irin kúkúrú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ mú débi pé ó lè fá irun ẹsẹ̀ eṣinṣin.

Àṣà ìlú náà ni pé alágbẹ̀dẹ ní í kọ́kọ́ lo irin rẹ̀ lójú ẹni tí yóò rà á. Nígbà tí àwọn ọdẹ pé, Ògúnrìndé fi àkísà di ìdí ọ̀bẹ náà, ó sì mú igi tí yóò fi ṣe èèkù. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan, èérún igi fò, àwọn ọdẹ hó yèè. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àkísà yọ̀, irin yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ bo igi.

Àwọn ọdẹ sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mú," ni Àkànjí wí. "Àtẹ́lẹwọ́ yín jẹ́rìí sí i."

Olúọ́dẹ gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fẹ́ máa lọ. Ògúnrìndé gbé ìbínú mì.

"Àkànjí."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Gbẹ́ ẹ."

"Kí n gbẹ́ kí ni?"

"Èèkù!"

"Kúkúrú ni, àbí gígùn?"

Ògúnrìndé wo ọwọ́ rẹ̀ tí ń ṣẹ̀jẹ̀. "Gígùn."

Àkànjí yọ ọ̀bẹ ògbólógbòó tirẹ̀, ó jókòó, ó gbẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ náà gé igi bí àdá, Olúọ́dẹ gbà á bẹ́ẹ̀ bí èèkù rẹ̀ kò tilẹ̀ wọ àpò, àwọn ọdẹ sì di oníbàárà Ògúnrìndé. Ṣùgbọ́n ibi yòówù tí Olúọ́dẹ bá gbà kọjá, irin a fara pamọ́ sínú àpò, èèkù a yọrí síta, àwọn ènìyàn a sì máa bèèrè pé: "Áà! Ta ló gbẹ́ èyí?" Bí Ògúnrìndé bá ti gbọ́ ọ, a kọjú sí iná, a máa fọwọ́ pa àpá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.