Ìyá Tí Láwuyì Sọ̀ Kalẹ̀ Lẹ́yìn

Àrẹ̀mú, gbé abọ́ rẹ wá kí n wò ó. Ṣé o rí i? O jẹ iyán tán, o jẹ ẹran tán, o wá kó ẹ̀fọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ bí ẹni tó gbá ilẹ̀. Ó dára. Ẹ jókòó, gbogbo yín. N kò ní àlọ́ ẹ̀rín lónìí.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn, rìn, rìn, kò yà sọ́dọ̀ Ìjàpá, kò yà sọ́dọ̀ Ajá. Ó lọ bá ọkùnrin àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Láwuyì, òun àti ìyá tó bí i.

Ìyá yìí kò lè rìn. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ní àràárọ̀, Láwuyì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Ìyá mi, ẹ gun ẹ̀yìn mi." Á pọ̀n ọ́n, á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ó di odò. Ìyá á wẹ̀, á já tẹ̀tẹ̀ létí omi, Láwuyì á tún pọ̀n ọ́n padà sílé. Ẹ̀fọ́ yẹn ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹja odò àti ìbẹ́pẹ. Ara Láwuyì yá gágá. Bó bá jí, fìrì ló ń dìde.

Àáró, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe oko. Lónìí, gbogbo wa á ro oko tèmi. Lọ́la, a ó ro tìrẹ. Ẹni tí a bá ń ro oko rẹ̀ ni yóò bọ́ wa. Ṣùgbọ́n àáró kò kan àyíká ahéré, ilé kékeré inú oko. Olúkúlùkù ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ẹ̀yìn ahéré tirẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé, kí iná ìgbẹ́ má baà rí ọ̀nà wọlé. Ìtìjú ni kí ẹlòmíràn bá ọ ro ó.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ro oko Agboọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oòrùn mú hanhan. Láwuyì gbé ọgbọ́n kan dé. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó di ìbàdí mú.

"Yéè! Ẹ̀yìn mi o! Ìyá tí mo ń pọ̀n ló ti dá mi lẹ́yìn!"

Àánú ṣe Agboọlá. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, lọ jókòó sábẹ́ igi. Máa bá wa dín dùndún."

Láwuyì dín dùndún, òun náà ló jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ó jẹ ọ̀rá ẹran, ó lá oyin, ó sùn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀fọ́ dé, ó ní oúnjẹ ewúrẹ́ ni. Ọjọ́ kan di oṣù kan, oṣù kan di ọdún kan. Oko ẹnikẹ́ni tí wọn ì báà máa ro, ẹ̀yìn ń dun Láwuyì. Ikùn rẹ̀ yọ róńdó. Bó bá jí láàárọ̀, àárẹ̀ ti jí ṣáájú rẹ̀. Bó bá dìde lórí àpótí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Irọ́ tó pa fún Agboọlá, ó lọ pa á fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ̀yìn ń dùn mí. Afẹ́fẹ́ oko sì dára fún orúnkún yín. Ẹ máa gbé inú ahéré. Bí mo bá sinmi díẹ̀, màá wá pọ̀n yín wálé."

Ìyá wo ojú rẹ̀ títí. "Láwuyì, èmi ni mo bí ẹ̀yìn náà, mo mọ̀ ọ́n. Bí o bá sọ̀ mí kalẹ̀, agbára rẹ yóò bá mi sọ̀ kalẹ̀."

Kò gbọ́. Agboọlá ló bá a gbé ìyá lọ sí ahéré lórí òkè ọ̀nà odò, ìyàwó Agboọlá ló ń gbé omi àti oúnjẹ fún un. Ìyá á kọjú sí ọ̀nà, á máa kọrin. Ẹ gbè é. Àrẹ̀mú, lanu!

Láwuyì ọmọ mi o,
*Ẹsẹ̀ dà o, ẹsẹ̀ dà?*
Ilẹ̀ mọ́, n ò rẹ́nì kan,
*Ẹsẹ̀ dà o, ẹsẹ̀ dà?*
Wá pọ̀n mí ká relé wa,
*Ẹsẹ̀ dà o, ẹsẹ̀ dà?*

Àwọn tó ń ti oko bọ̀ á jẹ́ iṣẹ́ orin náà fún Láwuyì. Á ní, "Ó di ọ̀la."

Ọyẹ́ dé. Koríko gbẹ. Agboọlá wá bá a, ó ní, "O ò tíì ro ẹ̀yìn ahéré. Ṣé kí n bá ọ ro ó?"

"Kí ayé máa sọ pé ìwọ lò ń tọ́jú ìyá mi? Fi sílẹ̀. Màá ro ó lọ́la."

Inú mi kì í dùn bí mo bá dé ibí yìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èéfín sú dùdù. Agboọlá àtàwọn yòókù wà lókè odò, níbi tó jìn. Láwuyì nìkan ló wà nítòsí, nínú ilé. Ó gbọ́ orin.

Láwuyì ọmọ mi o,
*Ẹsẹ̀ dà o, ẹsẹ̀ dà?*
Iná dé ẹ̀yìn ahéré,
*Ẹsẹ̀ dà o, ẹsẹ̀ dà?*

Láwuyì sáré. Gbì, gbì, gbì! Kò tíì kọjá igi ọsàn àkọ́kọ́ lọ́nà oko tí èémí rẹ̀ ti ń tán. Ó dé ìdí òkè. Òkè tó máa ń pọ̀n ìyá gùn, òun nìkan kò lè gùn ún mọ́. Ó ṣubú, ó ń fi orúnkún wọ́.

Láwuyì ọmọ mi o,
*Ẹsẹ̀ dà o, ẹsẹ̀ dà?*
Láwuyì...

Ẹ dákẹ́. Ẹ má gbè é mọ́. Ìyá náà dákẹ́.

Agboọlá sáré dé láti òkè odò, ó fo Láwuyì kọjá lójú ọ̀nà. Ó gbé ìyá jáde kí iná tó dé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín ti pa á. Ó padà wá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Láwuyì ní, "Agboọlá, ẹ̀yìn mi ò dùn mí rí."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí a gbé ìyá dé ahéré ló ti sọ fún mi. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dójú tì ọ́."

Láwuyì bú sẹ́kún. Ó wọ́ dé ibi tí ìyá wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìyá mi, ẹ gun ẹ̀yìn mi." Agboọlá gbé e lé e lẹ́yìn. Ìgbà mẹ́sàn-án ló sinmi kí ó tó délé. Ìyá kò sì wúwo. Ó ti rù kọjá bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ohun tó kọ́ wa ni pé kí á máa lo ara wa lójoojúmọ́, kí á sì máa jẹ oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore. Agbára tí a kò lò kì í dúró dè wá, ẹni tí a fẹ́ràn sì lè pè wá lọ́jọ́ tí a kò retí.

Àrẹ̀mú, nu ojú rẹ. Ẹ̀fọ́ náà ti tutù, jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi àti ìwọ la ó jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sódò.