Ẹkún Àgbékẹ́ ní Ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ọ̀pẹ

Nígbà tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ wa, obìnrin kan wà ní Òkè-Ọ̀pẹ tó ń jẹ́ Dọ́kásì. Ọkọ rẹ̀ ni Sílà, agégẹdú tí ogbó ti gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì yè, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré láyé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá yè, tó bá gbọ́n, kì í pẹ́ nílé. Jóṣúà tó jẹ́ àkọ́bí bá iṣẹ́ rélùwéè lọ sí òkè Ọya, àwọn obìnrin méjì relé ọkọ, àbíkẹ́yìn gba Èkó lọ, ó di ẹni tí à ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ilé wá ku àwọn arúgbó méjì. Dọ́kásì ṣì ń se ìkòkò ọbẹ̀ ńlá bí ẹni tí ọmọ mẹ́rin ń dúró dè, ọbẹ̀ náà a sì kan.

Ọdún tí Dọ́kásì pé ọgọ́ta ni obìnrin àjèjì kan tó ru èkùrọ́ gba ìlú kọjá rọbí lẹ́bàá ọ̀nà. Ó bí ọmọbìnrin kan, ó sì kú kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ìlú rẹ̀. Wọ́n wá ẹbí rẹ̀ títí, wọn ò rí ẹnì kan. Sílà ló bọ́ bùbá ara rẹ̀, tó fi wé ọmọ náà, tó sì gbé e wálé.

Dọ́kásì wo ọmọ, ó wo ọkọ rẹ̀. “Bàbá Jóṣúà, àwa náà? Pẹ̀lú ọjọ́ orí wa yìí?”

“Ìyá Jóṣúà, ọ̀dọ̀ ta ni kí n gbé e lọ? Ọlọ́run tí kò jẹ́ ká sin ọ̀kan nínú tiwa kò ní í máa wò wá ká gbé èyí jù sílẹ̀.”

Bí Àgbékẹ́ ṣe di ọmọ wọn nìyẹn. Wàrà ewúrẹ́ ni Dọ́kásì fi ń tọ́ ọ, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ ní ẹ̀kọ. Bí ọmọ kò bá fẹ́ sùn, a ki ọmú gbígbẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọmọ a sì máa fà á bí ẹni pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Sárà inú Bíbélì ti dé Òkè-Ọ̀pẹ. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ tún yá gágá bí ti ọ̀dọ́, adùn ayé sì padà sí ilé náà.

Ibi tí kò ti rí ẹ̀rín rín ni ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bẹ́ǹṣì abiyamọ, kí àwọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ lè tètè gbé ọmọ tó bá ń ké jáde. Ẹní kan a sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún ọmọ tó bá sùn. Ọjọ́ tí Dọ́kásì kọ́kọ́ gbé Àgbékẹ́ lọ jókòó síbẹ̀, Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin, dìde tọ̀ ọ́ wá.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Jóṣúà, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà níwájú ni tiyín. Ẹni tí ọmú rẹ̀ ń sẹ̀ là ń pè ní abiyamọ.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Dọ́kásì lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó dìde.

Nígbà tí Àgbékẹ́ pé oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Ìyàwó kékeré kan tó ń jẹ́ Fẹ́bì bímọ, ọmọ náà kú ní ogójì ọjọ́, omi ọmú sì kún àyà rẹ̀ tí kò rẹ́ni fà á. Ó tọ ìjọ lọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní Àgbékẹ́ kí òun tọ́ ọ. Ta ni yóò bú u? Àwọn àgbà ìjọ pàápàá rò pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní arúgbó kì í tọ́ ọmọ dàgbà. Katikíìsì Hesekáyà ló ń darí ìjọ, torí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni àlùfáà ń wá. Hesekáyà kì í ṣe ìkà. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan lọ létòlétò ni, irú wọn a sì máa ṣe ìkà láìmọ̀.

“Lọ́jọ́ Ìsinmi,” ó ní, “Fẹ́bì ni yóò gbé Àgbékẹ́ jókòó ní bẹ́ǹṣì abiyamọ. Bí ọmọ náà bá gbà fún un, Fẹ́bì ló ni ín. Bó bá kọ̀ ọ́, tó ń ké títí, a jẹ́ pé ẹ̀yin ni Ọlọ́run yàn, Ìyá Jóṣúà. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ pè é, ẹ kò sì gbọdọ̀ dìde kí n tó súre àsúrelọ. Bí ẹ bá dìde pẹ́nrẹ́n, ẹ ti sọ ọmọ nù nìyẹn. Ẹ fọwọ́ lé Bíbélì.”

Dọ́kásì fọwọ́ lé e, ó búra.

Inú Sílà ò dùn bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. “N kò gbọ́ ọ rí, pé kí wọ́n máa fi ẹkún ọmọ dá ẹjọ́.”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Bàbá Jóṣúà. Mo mọ ọmọ mi. Yóò ké títí a ó fi gbé e wálé.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọn kò tíì ka ẹ̀kọ́ kìíní tán tí Àgbékẹ́ fi figbe ta. Fẹ́bì gbé e jó, ó fún un lọ́mú, ọmọ tu ọmú náà dànù. Dọ́kásì jókòó níwájú, kò wẹ̀yìn, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Ó ń sọ lábẹ́nú pé, “Ké, ọmọ mi. Ké sí i.” Kò sí àdúrà tó gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà tó jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Nígbà tó yá, ìtìjú bo Fẹ́bì. Ó tẹ́ ọmọ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ìborùn bò ó, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu omijé tirẹ̀. Ẹkún ọmọ náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di ìmí ẹ̀dùn, ó sì dákẹ́.

Dọ́kásì tẹ́tí sílẹ̀. Ṣé ó ti gbà fún Fẹ́bì ni?

Àárín àdúrà ìkẹyìn ni igbe kan tún sọ. Létí gbogbo ìjọ, igbe kan náà ni. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, torí wọ́n mọ̀ pé arúgbó ti jàre. Orin kan péré ló kù àti àsúrelọ, Àgbékẹ́ yóò sì di tirẹ̀ títí ayé. Dọ́kásì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó dìde.

Sílà di ìró rẹ̀ mú. “Ìyá Jóṣúà, ó ku orin kan!”

“Ẹkún àárò mi kọ́ nìyẹn,” ló wí, ó já ara rẹ̀ gbà.

Hesekáyà dá àdúrà dúró. “Ìyá Jóṣúà! Ìbúra yín!”

 Dọ́kásì ti ń fẹsẹ̀ ogbó sáré láàárín ìjọ, gèlè rẹ̀ já bọ́, kò bojú wò ó. Fẹ́bì tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí ọmọ ṣì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dọ́kásì ká ìborùn kúrò. Àkeekèé dúdú kan wà lọ́rùn ọmọ, ó ká ìrù sókè. Ó fi ọwọ́ lásán gbá a dànù, ó gbé ọmọ. Ara ọmọ ti ń le, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n fa oró náà, wọ́n fi ewé pa á lára, wọ́n kúnlẹ̀ gbàdúrà títí ohùn fi ha. Kí oòrùn tó wọ̀, Àgbékẹ́ kú sí àyà Dọ́kásì.

Ní ọjọ́ kejì, létí sàréè, Ìyá Ìjọ sọ ohun tí àwọn kan ń rò. “Ẹni bá da májẹ̀mú Ọlọ́run, kò yẹ kó yà á lẹ́nu bí Ọlọ́run bá gba ohun tirẹ̀.”

Dọ́kásì gbójú sókè. “Òótọ́ ni, mo dìde. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ jókòó ná. Ọmọ mi ń ké, mò ń yọ̀. Ìjókòó yẹn ni kí ẹ bá mi wí lé lórí.”

Fẹ́bì bú sẹ́kún. “Ẹ̀gbẹ́ mi ló wà. Mo gbọ́ igbe náà, mo rò pé ẹkún lásán ni. Ìyá Jóṣúà wà níwájú pátápátá, àwọn ló mọ̀ ọ́n.”

Katikíìsì Hesekáyà pa ìwé àdúrà dé. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ sàréè níwájú Dọ́kásì, ohun tí ẹnì kan kò rí i ṣe rí.

“Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni,” ó ní. “Ohun tí mo ní kí ẹ búra fún, kò sí ìyá ọmọ kan tó lè mú un ṣẹ. Ẹnu wa la fi ń jiyàn ta ni abiyamọ. Etí yín ló dáhùn.”

Ó dìde, ó sì fún Dọ́kásì ní ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kìíní láti dà sí sàréè, ẹ̀tọ́ tí ìjọ kì í fún ẹlòmíràn bí kò ṣe òbí. Dọ́kásì gbà á, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ṣí títí Sílà fi bá a tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré.