Apò Òṣùká Ìyadùnní

Dékànḿbí onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí Ìyadùnní létí. Obìnrin náà ń ti ọjà bọ̀, igbá iyọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

“Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ kú ọjà o. Ṣé iyọ̀ ò tà mọ́ ni? Àkísà ni mo rí lára ọmọ yín lọ́nà odò.”

Opó ni Ìyadùnní. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń ru iyọ̀ kiri ọjà, gbogbo èrè rẹ̀ ló sì fi ń ra aṣọ fún Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ọmọ aláìníbaba.

Nígbà tó délé, ó rí i. Àwẹ̀ró ti gé etù, ó gé sányán, ó gé àláàrí, tuntun ni gbogbo wọn. Ó rán wọn pọ̀ lápá lápá bí ẹ̀yìn ahun, ó ró o.

“Ta ló ya aṣọ mọ́ ọ lára?”

“Èmi ni mo gé e, ìyá mi. Òun ni mo máa ró lọ sí ààfin lọ́jọ́ tí ọba máa sọ ẹgbẹ́ wa lórúkọ.”

“Kí wọ́n lè ní opó ò rí aṣọ rà fọ́mọ? O ò ní í gbé ìyẹn dé ààfin. Etù tuntun kan lo sì jẹ mí.”

“Ṣebí aṣọ mi ni. Aṣọ tí mo ní ti tó tiyín báyìí.”

Ìyadùnní gbé igbá iyọ̀ rẹ̀ wọlé.

Bí ọjọ́ ààfin ṣe ń sún mọ́lé, Àwẹ̀ró fọ aṣọ náà kó lè dán. Aró etù ṣí, ó ràn mọ́ sányán. Àláàrí náà ṣí, gbogbo rẹ̀ wá rí bí ojú egbò. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ká má purọ́, inú Ìyadùnní kọ́kọ́ dùn. Àfi bí Dékànḿbí ṣe yọjú.

“Ṣé ẹ rí i? Ọmọ tí ò ní baba níí dá irú àrà báyìí.”

“Dékànḿbí, èmi nìkan ni mo lè bú ọmọ mi. Lọ wá orí ẹlòmíì fá.”

Ó wọlé, ó fa apò òṣùká rẹ̀ jáde. Gbogbo aṣọ tó ti gbó mọ́ ọn lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀, èyí tó ń ká sórí kó tó gbé iyọ̀: ọ̀já tó fi pọn Àwẹ̀ró, dàńṣíkí ọkọ rẹ̀, aṣọ tó fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

“Mú abẹ́rẹ́ wá. Ẹkún kì í fọ aró. Aṣọ tuntun ló ń ṣí. Àkísà ti ṣí tirẹ̀ tán.”

Àwọn méjèèjì jọ gé àwọn àkísà náà, wọ́n rán wọn pọ̀ di aṣọ tí Àwẹ̀ró máa ró lọ sí ààfin.

Lọ́jọ́ ààfin, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò tíì jó dé iwájú ọba tí òjò fi dé. Aṣọ tuntun ni wọ́n ró. Aró ṣàn dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, kálukú ń wá ibi sá sí. Àwẹ̀ró ò sá. Ṣe ni òjò ń fọ aṣọ tirẹ̀, tó túbọ̀ ń mọ́. Ọba ní kó máa ṣíwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.

“Ọmọ ìyá oníyọ̀ àdúgbò wa ni, Kábíyèsí,” Dékànḿbí ló tètè dáhùn, bí ẹni pé òun ló bí i.

Ìyadùnní na ọrùn sókè láàárín èrò. Ọrùn tó ti ru iyọ̀ láti ọjọ́ yìí fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ Àwẹ̀ró fi ń bẹ̀ ẹ́ kó rán tiwọn. Owó iṣẹ́ náà ló fi ra etù tuntun, ó kúnlẹ̀, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ìyá mi, gbèsè yín rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àkísà sí i. Mo tú gbogbo ẹrù mi, mi ò rí ẹyọ kan.”

Ìyadùnní fọwọ́ ra etí aṣọ náà bí oníṣòwò, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ti apò òṣùká sí i. “O ti san án. Mú nínú tèmi, títí tìrẹ yóò fi gbó.”

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí i pa lówe pé: bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.