Ìdí Tí Jáàkì Kì Í Fi Dá Gbé Ọkọ̀ Dúró

Nígbà láéláé, nígbà tí irin àti igi ṣì ń fọhùn bí ènìyàn, jáàkì nìkan ló ń gbé ọkọ̀ dúró. Ẹ má bi mí pé ṣé ọkọ̀ wà nígbà láéláé. Èmi ni mò ń pìtàn, mo ní ó wà.

Mẹkáníìkì kan wà tó ń jẹ́ Làmídì. Bí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, Jáàkì yóò na ara rẹ̀, yóò gbé ọkọ̀ sókè, Làmídì yóò sì rá wọlé. Kò sí ohun mìíràn tó ń ti ọkọ̀ náà.

Jáàkì lágbára, ó sì tún lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí ó bá ti fojú kan àgbà, kíá, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú àwọn ará àdúgbò a máa dùn sí i. Wọn a ní, "Ẹni tó kọ́ ọmọ yìí kọ́ ọ re."

Ìtì Igi kan tún wà lọ́dọ̀ Làmídì. Igi apá ni, ó kúrú, ó sì ki. Kò ní orúnkún, kò ní ìbàdí. Bí àgbà bá ń kọjá, yóò kàn sọ pé, "Ẹ káàsán o," yóò sì dúró gbagidi síbi tó wà.

Èyí ń bí Jáàkì nínú. Ó sọ fún Làmídì pé, "Ọ̀gá, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìtì Igi yìí yóò dójú tì wá."

Ìtì Igi dáhùn pé, "Mi ò lè tẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn."

Làmídì kò gbọ́. Ó gbé e lọ sẹ́nu géètì, ó jù ú sáàárín igi ìdáná. Ó dun Ìtì Igi wọra.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkọ̀ akóṣu kan wá. Jáàkì gbé e sókè. Làmídì yọ táyà ẹ̀yìn, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń kọrin jẹ́jẹ́.

Láti ẹnu géètì ni Ìtì Igi ti rí Ìyá Àgbà Wúràọlá lókè ọ̀nà. Òun ló dàgbà jù ládùúgbò. Ó ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó mú àgbàdo sísun dání fún Làmídì.

Àyà Ìtì Igi já. Ó mọ ohun tí Jáàkì máa ṣe.

"Jáàkì, jọ̀ọ́, má dọ̀bálẹ̀ lónìí o! Ọ̀gá wà lábẹ́ ọkọ̀!"

"Kí n má kí Ìyá Àgbà?" ni Jáàkì wí. "Ṣé kí n dà bí ìwọ ni?"

Ìtì Igi bọ́ sílẹ̀ láàárín igi ìdáná. Ó yí gbirigbiri, ó yí títí ó fi wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Làmídì, lábẹ́ irin ńlá ọkọ̀ náà.

Ìyá Àgbà dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi."

"Ẹ káàsán, mà!" Jáàkì dọ̀bálẹ̀.

Ọkọ̀ já wálẹ̀ sórí Ìtì Igi, gbì! Orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, ṣùgbọ́n kò mira. Ó kù díẹ̀ kí irin kan imú Làmídì.

Làmídì rá jáde. Ó di mọ́ Ìtì Igi, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ tí mo jù sáàárín igi ìdáná!"

Jáàkì ò lè gbójú sókè. "Ìyá Àgbà, ẹ̀kọ́ ni mo rò pé mò ń ṣe. Mi ò fẹ́ pa ọ̀gá mi."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣé wọn ò sọ fún ọ pé ẹni tó ru ẹrù kì í dọ̀bálẹ̀? Ẹ̀mí ènìyàn lo rù yẹn."

"Ó ti mọ́ orúnkún mi lára, mà. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè jáwọ́."

"Ó dáa. Máa gbé ọkọ̀ sókè. Bí o bá gbé e tán, kí Ìtì Igi gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá sì wà lábẹ́ ọkọ̀, kó máa kí mi láìdìde."

Láti ọjọ́ náà ni mẹkáníìkì tó bá gbọ́n ti máa ń gbé ìtì igi, tàbí ẹsẹ̀ irin tí kò mọ ìdọ̀bálẹ̀, sábẹ́ ọkọ̀ kó tó rá wọlé. Láti ọjọ́ náà ni orí ìtì igi wọn ti tẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá sì kí ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tó dá yín lóhùn láìdìde, ẹ má pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìyá Àgbà ló fún un láyè.